Ọmọ Òṣómàáló Kì Í Jẹ Gbèsè: Ọ̀rọ̀ Ilẹ̀dú àti Koríko Iwájú Gbọ̀ngàn Wa

Sí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, nílé, lóko àti lẹ́yìn odi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àṣelà. A ò ní máa pìtàn bí pápá iwájú gbọ̀ngàn ṣe dà bó ṣe dà. Gbogbo wa la jó níbẹ̀, gbogbo wa la gbé mọ́tò lé koríko rẹ̀ lórí lọ́jọ́ òde, àwa náà la sì ń fi ìgbálẹ̀ gbá a láràárọ̀ nítorí ẹ̀rù ejò, títí ilẹ̀ fi wà níhòòhò tí òjò sì ráyè. Yangí, òkúta wẹ́wẹ́ àti àpáta tó yọ ẹ̀yìn bí ìjàpá ló kù síbẹ̀. Níbi ìpàdé ọdún tó kọjá, bàbá wa kan fẹsẹ̀ kọ òkúta. Ọpẹ́lọpẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbá a mú.

Ibi tí iṣẹ́ dída ilẹ̀dú àti gbíngbin koríko síbẹ̀ dé la fẹ́ sọ, kò sì dùn ún sọ. Gọ́tà olókùúta tó ń darí àgbàrá lápá òkè ti parí láti oṣù Kẹsàn-án, ó sì dúró digbí. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni ò tún gbé ṣọ́bìrì níbẹ̀. Ewúrẹ́ àdúgbò nìkan ló ń lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́.

A gbọ́ ohun tí àwọn kan ń sọ lẹ́yìn wa: "Owó àkọ́kọ́ dà?" Ó dáa. Ọmọ ẹgbẹ́ 212 ló ṣèlérí ₦25,000 ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àwọn 61 ló san án. ₦1,525,000 ló wọlé. Gọ́tà gba ₦780,000, típà ilẹ̀dú mẹ́fà gba ₦390,000, koríko àti owó lébìrà gba ₦210,000. ₦145,000 tó kù wà ní báǹkì. Ìwé gbogbo rẹ̀ wà lọ́wọ́ akápò. Ẹni tó bá fẹ́ wò ó, kó wá wò ó lójú mọmọ. A ò rí ẹnì kankan lára àwọn tó ń bèèrè yìí tó wá síbẹ̀ rí. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ìjà la ń jà.

Pé òjò gbé típà mẹ́fà yẹn lọ, ẹ̀bi wa ni, a sì ti gbà bẹ́ẹ̀ nípàdé. Inú oṣù Kẹrin la da ilẹ̀ náà, kí gọ́tà tó wà rárá, orí ilẹ̀ líle tí a ò tú la sì dà á lé. Ilẹ̀dú kì í dì mọ́ irú ibẹ̀ yẹn. Bí ìgbà téèyàn da gààrí sórí awo ni. Òjò ńlá méjì péré, gbogbo rẹ̀ ti wà lójú títì nísàlẹ̀. Inú wa bàjẹ́ ju ti ẹnikẹ́ni lọ, torí àwa la lọ kó o kúrò lójú títì.

Ọmọ wa kan tó kàwé nípa iṣẹ́ ọ̀gbìn ti wá fi ọ̀nà hàn wá. A ó ṣa òkúta wẹ́wẹ́ kúrò. Àpáta ńlá, a ò ní fọwọ́ kàn án; àwọn àgbà á rí ibi jókòó. A ó fi díígà tú ojú ilẹ̀, a ó to òkúta ní ìdábùú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà kí omi má baà sáré, ká tó wá da ilẹ̀dú tí a pò mọ́ ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jinná. Pápá náà jẹ́ 100 ẹsẹ̀ bàtà ní gígùn, 60 ní ìbú. Kí ilẹ̀ lè ga tó ìdajì ẹsẹ̀ bàtà, típà 17 ni yóò gbà. Lẹ́yìn náà la ó gbin koríko Bàhámà tòun ti gbòǹgbò rẹ̀, ìka àtàǹpàkò sí ìka kékeré láàárín ìdí kan sí èkejì, nígbà tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀. Fún oṣù méjì sí mẹ́ta, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́: kò sí kánópì, kò sí mọ́tò, kò sì sí ìgbálẹ̀.

Àwọn kan ní ká kúkú fi íńtálọ́ọ̀kì bò ó. Owó rẹ̀ ju ti koríko lọ, ilé àwọn tó wà nísàlẹ̀ ni gbogbo omi ibẹ̀ yóò sì wọ̀. A ò fẹ́ èpè.

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yìí ń tini lójú. Òkun jìnnà sí Iléṣà, síbẹ̀ baba ńlá wa lọ bu omi rẹ̀ wá fún Odùduwà, òun ló fi ń jẹ́ Obòkun. Àwa ọmọ rẹ̀ ò wá lè bu ilẹ̀ láti ìdí odò wá sí iwájú gbọ̀ngàn? Wọ́n ń kì wá ní ọmọ ẹlẹ́ní ẹwẹlẹ, ọmọ ẹlẹ́ní àtẹ́ẹ̀ká, àlejò wa sì ń jókòó sórí yangí.

Èyí tó wá dùn wá jù ni ti gbèsè. Gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ló mọ ohun tí wọ́n ń pè ní Òṣómàáló. Àwọn bàbá wa á tà aṣọ láwìn, bí ọjọ́ bá pé, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, wọn ò sì ní dìde títí owó á fi jáde. Lónìí, àwa ọmọ wọn ni wọ́n ń lóṣòó dè. Akápò wa ti pe àwọn kan lẹ́ẹ̀mẹfà. Wọ́n ka iṣẹ́ tá a fi ránṣẹ́ lórí Wáńsáàpù, àmì aláwọ̀ búlúù yọ, a ò gbọ́ nǹkan kan. Ní ọ̀sẹ̀ kan náà la rí fídíò ibi tí wọ́n ti ń ná owó lé olórin lórí. Ẹ ṣeun, ẹ jó dáadáa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ nàka sókè nípàdé ọdún tá a pàtẹ́wọ́ fún, àtẹ́wọ́ yẹn ò tíì tán létí wa. Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa tó ń ta ẹ̀kọ, ₦5,000 ló ń mú wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀marùn-ún, títí ó fi san tán. Kò bèèrè ohun tí ẹnikẹ́ni san. Ó kàn ní òun fẹ́ kí àwọn ọmọ-ọmọ òun rí ibi sáré.

Ẹ wo bí Ìjẹ̀bú ṣe ń ṣe Òjúde Ọba, tí gbogbo ayé ń wò wọ́n. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo tòsí wa yìí ti wọ ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé ti UNESCO láti 2005. Ká tiẹ̀ fi àwọn ńlá sílẹ̀: ìlú kan wà nítòsí tí a ò ní dárúkọ, ẹ̀yin náà mọ̀ wọ́n, tí ẹgbẹ́ wọn ò tó tiwa. Pápá tiwọn tutù yọ̀yọ̀. Ọ̀kan nínú wọn bi Alága wa níbi òkú kan pé, "Ṣé ọkọ̀ òkúta lẹ fẹ́ máa kó níwájú gbọ̀ngàn yín ni?" Alága rẹ́rìn-ín. Kò jẹun mọ́ lọ́jọ́ náà.

Ìjẹ̀ṣà ò rídìí ìṣáná, ilé lọmọ Ọwá ti í múná roko. Ẹ má jẹ́ ká dúró de ìjọba. Ilẹ̀dú, koríko, òkúta àti iṣẹ́ ọwọ́ lápapọ̀ á gba mílíọ̀nù méjì náírà ó lé díẹ̀. Àwọn 151 ló ṣì jẹ wá. Bí 80 péré nínú wọn bá san, tí a fi ₦145,000 lé e, iṣẹ́ parí.

Owó: ₦25,000, sínú àkáǹtì ẹgbẹ́ tó wà lẹ́yìn káàdì yín. Ẹ kọ orúkọ yín sí i. Ẹ lè san án lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má fún ẹnikẹ́ni lówó lọ́wọ́, títí kan àwa ìgbìmọ̀. Ìparí oṣù Kẹta ni gbèdéke, torí onítípà ti sọ pé òun á fowó lé e bí ó bá di oṣù Kẹrin.

A ò tíì lẹ orúkọ onígbèsè mọ́ ara ògiri gbọ̀ngàn. Wọ́n dá a lábàá nípàdé, Alága ló bẹ̀bẹ̀ fún yín. Ẹ̀yin 61 tẹ́ ẹ ti san, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má bínú pé ẹ tún ń ka lẹ́tà yìí; ẹ bá wa fi han ẹni tó bá jókòó tì yín.

Akọ̀wé, lórúkọ ìgbìmọ̀ aláṣẹ,
Iléṣà