Má tíì fowó sìmẹ́ǹtì ránṣẹ́ o

Kọ́lá ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? O ní kí n bá ẹ yọjú síbi ilé ẹ ní Ọ̀kínní, mo ti lọ, àmọ́ jọ̀ọ́ fọwọ́ mú owó ẹ ná. Òjò Òṣogbo tọdún yìí ò gbọ́ ti ẹnikẹ́ni. Ṣó o rántí bí Ọ́gọ́ọ̀sì ṣe máa ń rí, tí òjò á dáwọ́ dúró díẹ̀, tójú ọjọ́ á kàn ṣú lásán tí atẹ́gùn tútù á máa fẹ́, táwọn èèyàn á fi ráyè ṣọdún Ọ̀ṣun? Tọdún yìí ò wá o. Búlọ́ọ̀kù tí wọ́n mọ fún ẹ nírọ̀lẹ́, kílẹ̀ tó mọ́ gbogbo etí ẹ̀ ti wó, yanrìn tó kù ti bá àgbàrá lọ sí gọ́tà. Àgbàdo màámi tó yẹ kó ti gbẹ lóko, mo bó ọ̀kan wò, ó ti ń hù nínú èèpo, ìdí ẹ̀ sì ti bu.

Ṣé o mọ̀ pé lásìkò yìí òjò máa ń kọjá lórí wa lọ sí Kánò àti Sókótó ni, omi òkun apá Gánà á sì tutù, ìyẹn ni kì í jẹ́ kó rọ̀ púpọ̀ lọ́dọ̀ wa. Tómi òkun yẹn bá lọ gbóná, òjò á jókòó tì wá, òkè Ọya ọ̀hún lè gbẹ. Èmi rò pé nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn (wàláì mi ò kí ń ṣe NiMet, àjọ tó ń sọ bójú ọjọ́ ṣe máa rí o, o ṣáà mọ ẹnu mi). Tó bá wá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀wà á gbówó lórí tó bá fi máa di Disẹ́ńbà, torí òkè ọ̀hún náà ló ti ń wá.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni Sẹ̀tẹ́ńbà sí Ọtóbà, torí òjò kejì ṣì ń bọ̀, ilẹ̀ sì ti mumi yó. Ìbàdàn lọ́jọ́ 26 Ọ́gọ́ọ̀sì 2011, òjò ọjọ́ kan péré ló pa èèyàn tó lé ní 100, nínú oṣù tí wọ́n ní òjò ń sinmi yìí náà ni.

Màámi ní òjò á tètè lọ, pé ọyẹ́ ọdún yìí á mú gan-an. Mi ò gbà, èmi rò pé òjò á wọ Nòfẹ́ńbà. Torí náà ká dúró dìgbà yẹn ká tó ṣe dẹ́kìn. Ṣùgbọ́n bíríkìlà ẹ ní wọ́n ti ń pe òun síṣẹ́ ní Ìlobùú, tó o bá ti pinnu, fi fóìsì nóòtù ránṣẹ́ kí n tètè dá a lóhùn.

Èmi ni,
Wálé