Nọ́ńbà Tó Wà Lára Páálí Fíìmù

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n nínú Olúwa,

Ní ìpàdé àwọn ọ̀dọ́ wa lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, mo mú páálí fíìmù àtijọ́ kan wá láti ilé, mo ní kí wọ́n máa gbà á lọ́wọ́ ara wọn, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí. Wọ́n dárúkọ gbogbo òṣèré tó wà lára rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mẹ́nu ba 18 tí wọ́n tẹ̀ sí igun rẹ̀. Nígbà tí mo nàka sí i, ọmọbìnrin kan, ọmọ ọdún 13, ní: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé apá kejìdínlógún ni?"

Ẹ̀bi rẹ̀ kọ́. Ta ló kọ́ ọ nínú wa?

Òfin ọdún 1993 ló dá àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń yẹ fíìmù wò sílẹ̀, NFVCB, èyí tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Censors Board. Àwọn ló yẹ kó kọ́kọ́ wo fíìmù, kí wọ́n sì fún un lámì, kó tó dé ọjà tàbí sinimá. G ni èyí tí tọmọdé tàgbà lè jọ jókòó wò. PG, kí òbí wà nítòsí. Bó bá jẹ́ 15 tàbí 18, ẹni tí kò bá tí ì pé ọdún bẹ́ẹ̀, kì í ṣe tirẹ̀. Àmì yìí kò sọ pé fíìmù náà dára, kò sì sọ pé kò dára. Ó ń sọ ọkàn tó lè gbé e. Ìwé Hébérù ti sọ ọ́ fún wa: wàrà ni ti ọmọ ọwọ́, oúnjẹ líle ni ti àgbà.

Àwọn kan á ní, kí ló kan ìjọ nínú òfin ìjọba? Ní 2024, àjọ yìí kéde òfin tó ní kí wọ́n yé gbé oògùn owó àti sìgá lárugẹ nínú fíìmù, fídíò orin àti skit. Inú mi dùn sí i gan-an. Mo ti wọ ilé ọmọ ìjọ wa kan rí, mo bá ọmọkùnrin kékeré kan tó so aṣọ funfun mọ́dìí, ó da igbá bo àbúrò rẹ̀ lórí, ó ń pọfọ̀, ó sì ń fa bébà jáde lábẹ́ igbá náà bí ẹni ń ka owó. Ìyá wọn ń rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rín.

Ṣùgbọ́n fóònù kò ní aṣọ́nà. Ẹni tó ń béèrè ọjọ́ orí lẹ́nu ọ̀nà sinimá kò sí nínú yàrá yín, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Fíìmù kan ń parí lórí YouTube, òmíràn ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ó ṣọ́ ojú yín, bí Dáfídì ti pinnu nínú Sáàmù 101 pé òun kì yóò gbé ohun búburú síwájú òun.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má kàn já fóònù gbà. Ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ bi wọ́n pé: "Nọ́ńbà wo ló wà lára èyí? Kí lo rò pé wọ́n rí nínú ẹ̀ tí wọ́n fi fún un ní 18?" Kẹ́ ẹ wá dákẹ́, kí ọmọ dáhùn.

Ní Sátidé tó ń bọ̀, kí ọ̀dọ́ kọ̀ọ̀kan mú orúkọ fíìmù tó wò gbẹ̀yìn àti nọ́ńbà rẹ̀ wá. Páálí tèmi ò sí nílé mọ́. Ọmọbìnrin yẹn ló gbà á lọ, ó ní òun fẹ́ fi han ìyá òun.

Olùṣọ́-àgùntàn yín