Ẹ bá wa sọ tàwọn owó àtúnṣe bọ́ọ̀sì akẹ́rù oní-dísù náà

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá.

Mo ka ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ gbé jáde fáwọn tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ẹrù kíkó, níbi tẹ́ ẹ ti ní kí wọ́n lọ ra bọ́ọ̀sì oní-dísù torí pé kì í mu epo. Òótọ́ ni, kì í mu epo tó oní-pẹtiróòlù, èmi náà ń wa ọ̀kan, ọdún kẹfà rèé, tó bá sì jẹ́ ẹrù wúwo lọ́nà jíjìn ni, mi ò ní fi pààrọ̀ nǹkan míì. Àmọ́ orí epo lẹ ti dá ọ̀rọ̀ yẹn dúró, ohun tó dùn mí nìyẹn, torí ibẹ̀ yẹn gan-an lèmi náà ṣírò owó mi dé nígbà tí mo fẹ́ ra tèmi.

Ẹ́ńjìnnì dísù tòde òní kì í ṣe ti àtijọ́ táwọn àgbà máa ń sọ pé kì í kú. Agbára tí pọ́ńpù ẹ̀ fi ń ti epo lè ju ìlọ́po 1,500 ti afẹ́fẹ́ tó yí wa ká lọ, ihò ẹnu injector, ìyẹn nǹkan tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì, tí epo yẹn ń gbà sì tín-ín-rín bí irun orí, nítorí náà omi díẹ̀ péré tàbí ìdọ̀tí díẹ̀ tó bá bá epo wọlé, ó ti bà á jẹ́ nìyẹn. Fílítà epo tówó ẹ̀ ò tó nǹkan ni mo fi falẹ̀, mo ní á ṣì gbé mi fóṣù díẹ̀ sí i, àfìgbà tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ èéfín dúdú tí kò fẹ́ gun òkè mọ́, injector mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n ní kí n pààrọ̀, owó tí mo ná lọ́jọ́ yẹn ì bá ra fílítà tí màá máa pààrọ̀ títí ọkọ̀ náà á fi gbó.

Fílítà míì tún wà, èyí tó ń gba èéfín, DPF ni wọ́n ń pè é, àwọn tó ń ta ọkọ̀ kì í dárúkọ ẹ̀ rárá. Ṣe ló máa ń kó eérú dúdú jọ, tí ooru ẹ̀ bá wá tó nǹkan bíi 600 Celsius á jó gbogbo ẹ̀ dànù, àmọ́ ọkọ̀ gbọ́dọ̀ sáré dáadáa fún ìgbà díẹ̀ kó tó lè gbóná débẹ̀. Ẹni tó jẹ́ pé ojúlé dé ojúlé ló ń já ẹrù, tó ń pa ẹ́ńjìnnì tó tún ń tan án, tiẹ̀ ò ní ráyè jó, á dí. Ẹ tún wò ó o, bó ṣe ń gbìyànjú àtijó tí kò rí i jó yẹn, dísù á máa yọ́ bọ́ sínú ọ́ìlì. Tẹ́ ẹ bá fa igi ọ́ìlì yọ tẹ́ ẹ rí i pé ó ń ga sí i dípò kó lọ sílẹ̀, ẹ má ṣe dunnú, ọ́ìlì yẹn ti ń ṣàn bí omi, turbo, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì, ló sì máa kọ́kọ́ jìyà ẹ̀.

Táyà, búréèkì, kílọ́ọ̀ṣì, sípíríǹgì, ìyẹn ò ṣàjèjì, ẹrù àpọ̀jù ló ń tètè jẹ wọ́n. Àmọ́ táímíńgì bẹ́ẹ̀tì, ìyẹn bẹ́ẹ̀tì tó ń mú kí àwọn nǹkan inú ẹ́ńjìnnì máa yí pọ̀ lásìkò, mo bẹ̀bẹ̀, tíye kìlómítà tí wọ́n kọ sínú ìwé ọkọ̀ bá ti pé, kẹ́ ẹ pààrọ̀ ẹ̀, bó bá já lórí ìrìn, ẹ́ńjìnnì lè bà jẹ́ tán lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó tún wá ku èyí tí kò sí nínú ìwé owó kankan, ọjọ́ tí ọkọ̀ fi wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Nígbà ti injector yẹn, kọ́sítọ́mà mi kan tí mo ti ń bá kó ẹrù látìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ lọ wá ẹlòmíì, mi ò bínú sí i, ọjà ẹ̀ ò lè dúró dè mí, àmọ́ kò padà wá.

Ohun tí mò ń ṣe báyìí ni pé mo máa ń pín owó táyà sí iye kìlómítà tí táyà máa rìn, mo ṣe ti ọ́ìlì bẹ́ẹ̀, ti fílítà, ti bẹ́ẹ̀tì, ti kílọ́ọ̀ṣì, mo wá ń yọ ọ́ sọ́tọ̀ nínú owó gbogbo ìrìn kí n tó mọ èyí tó jẹ́ èrè. Ọkọ̀ ló ni owó yẹn, kì í ṣe tèmi. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe é, mo rí i pé àwọn iṣẹ́ kan wà tí mo ti ń gbà láti ọjọ́ yìí tí mi ò jèrè kankan níbẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi gbé èyí náà jáde. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ló gé ọ̀rọ̀ yín yẹn dání wá bá mi, ó ti rí àlòkù kan, gbogbo owó ọwọ́ ẹ̀ ló fẹ́ kó lé e. Mo ní kó kọ́kọ́ bi ẹni tó ń tà á ìgbà tó pààrọ̀ bẹ́ẹ̀tì kẹ́yìn, kó sì ní kó fi rìsíìtì ẹ̀ hàn án. Títí tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí, ọkùnrin yẹn ò tíì dá a lóhùn.

Èmi ni tiyín,
Ẹnìkan tó ń fi bọ́ọ̀sì kó ẹrù