Bílíọ̀nù wo lẹ ń kọ, ẹ̀yin olóòtú?

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìwé ìròyìn yín ló dá èdè-àìyedè sílẹ̀ nílé mi lọ́jọ́ Sunday. Àbúrò ìyàwó mi tó ń gbé Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo nílẹ̀ Benin, wá kí wa, ló bá rí i níbi tẹ́ ẹ ti kọ ọ́ pé bílíọ̀nù méjì náírà ni wọ́n fẹ́ fi ṣe ọ̀nà kan, ló figbe ta pé "Yéè! Bọ̀dá, ṣé ọ̀nà ọ̀run ni?" Mo rò pé yẹ̀yẹ́ ló ń ṣe, àṣé Faransé tí wọ́n fi kọ́ ọ níléèwé ló ń dà á láàmú, ohun táwa ń pè ní bílíọ̀nù, tó ní òdo mẹ́sàn-án, milliard ni wọ́n ń pè é lọ́dọ̀ wọn, billion tiwọn òdo méjìlá ló ní.

Mo ní Gẹ̀ẹ́sì làwa ń sọ ní tiwa, mo wá lọ gbé dikíṣọ́nárì bàbá mi jáde kí n fi pa á lẹ́nu mọ́, èyí tí wọ́n tẹ̀ ní London ní 1956, tí èèpo ẹ̀yìn ẹ̀ ti já. Kí ni mo bá níbẹ̀? Mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù! Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀.

Àṣé àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì náà ò bá Amẹ́ríkà kà á bákan náà tẹ́lẹ̀, December 1974 ni Harold Wilson tó ń ṣolórí ìjọba wọn nígbà yẹn sọ fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin pé tíjọba òun bá ti ní bílíọ̀nù, ẹgbẹ̀rún mílíọ̀nù ni. Ìwé bàbá mi ò purọ́, ó kàn ti dàgbà ni.

Ìyàtọ̀ yẹn ò kéré o. Ẹni tó bá ń ka ení, èjì, ẹyọ kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí ò sùn tí ò jẹun, á ka bílíọ̀nù tòde òní fún ọdún 31 ó lé, tàtijọ́ yẹn á lé ní ọdún 31,000.

Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá kọ bílíọ̀nù, ẹ fi ẹgbẹ̀rún mílíọ̀nù tì í, torí igba márùn-ún ni ẹgbẹ̀rún, ará Kétu mọ̀ ọ́n, ará Ìbàdàn mọ̀ ọ́n. Ẹ sì ṣọ́ra pẹ̀lú ìròyìn Kútọnu, ìgbà kan wà tẹ́ ẹ sọ milliard mẹ́ta CFA di mílíọ̀nù mẹ́ta, ẹ ní wọ́n fẹ́ fi kọ́ afárá. Afárá wo nìyẹn?

Dikíṣọ́nárì bàbá mi ti rìnrìn àjò báyìí, àna mi ti gbé e lọ Àjàṣẹ́, ó ní òun fẹ́ fi han àwọn ọ̀rẹ́ òun.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Ìdí-Ìrókò