Sí Títí, nípa ìkànnì ìlú wa àti oríkì Bàbá

Ìbàdàn,
Ọjọ́ 14, oṣù Kẹwàá, 2025

Títí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti fẹ́ kọ lẹ́tà yìí. Mo kàn ń sọ fún ara mi pé kí n tún ohun tó bàjẹ́ ṣe tán kí n tó sọ fún ọ pé ó bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti kan ilé yín, mi ò lè pa á mọ́ra mọ́.

Màmá ló wá bá mi ní Sátidé kan nínú oṣù Kẹjọ. Wọ́n wọ mọ́tò láti ilé wá sí Ìbàdàn lórí ọ̀nà yẹn, wọn ò pè mí, wọn ò sọ fún Bọ̀dá Láyí. Wọ́n jókòó, wọ́n mu omi, wọ́n tú gèlè wọn, wọ́n yọ fóònù tí o rà fún wọn jáde nínú báàgì, wọ́n wá bi mí pé, "Fọlákẹ́, ṣé ẹ ti yọ Bàbá Títí kúrò níbẹ̀ ni?"

Mo ní, "Níbo, Màmá?" Wọ́n ní lórí ìkànnì ìlú. Àwọn fẹ́ ka oríkì Bàbá, kí àwọn lè fún ẹni tó máa kì í níbi ìrántí ọdún kẹwàá. Òru mẹ́ta ni wọ́n fi wá a. Wọ́n tẹ orúkọ Bàbá, wọ́n tẹ orúkọ agboolé, nǹkan róbótó yẹn á máa yí, á máa yí, títí oorun á fi gbé wọn lọ. Nígbà tó sì wá dáhùn, ó ní kò sí. Títí, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ tẹ̀ lé e ni ò jẹ́ kí n sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Wọ́n ní, "Bóyá ojú mi náà ni. Bóyá ó wà níbẹ̀, èmi ni ò rí i."

Ojú wọn kọ́. Mo ti gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú, gíláàsì tuntun ni wọ́n nílò, wọ́n sì ti ń lò ó. Ìkànnì wa ló ṣẹ̀ wọ́n.

O mọ̀ pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni ìkànnì yẹn ti ń wọ́ bí ìgbín. Gbogbo ènìyàn ló di ẹ̀bi ru nẹ́tíwọ́ọ̀kì, èmi náà sì gbà bẹ́ẹ̀, torí ẹni tó bá rí oṣù Kẹta ọdún 2024, nígbà tí wáyà abẹ́ òkun gé nítòsí Abidjan, tí WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 dákẹ́ pọ̀ lọ́jọ́ kan, kò ní ṣàìfura sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì mọ́ láyé. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí Màmá lọ, mo ní kí Dúpẹ́ ní Ìlọrin àti àbúrò mi ní Houston ṣí i lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n máa ka ìṣẹ́jú àáyá. Dúpẹ́ ka 41, àbúrò mi ka 38. Bó bá jẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé ni, kí ló gbé e dé Houston? Ara ìkànnì gan-an ni àìsàn náà wà.

Ojú ewé àkọ́kọ́ ni mo kọ́kọ́ tú yẹ̀ wò. Àwọn ọ̀dọ́ ti gbé fọ́tò ọdún ìlú síbẹ̀, 64, bí fóònù ṣe yà á gẹ́lẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó 4MB. 256MB kí ènìyàn tó ka ọ̀rọ̀ kan! Ẹni tó ra dátà 1GB, bó bá ṣí i lẹ́ẹ̀mẹrin, ó parí. Àwa là ń ná owó àwọn ènìyàn wa báyìí láìmọ̀. Mo dín fọ́tò kọ̀ọ̀kan kù sí nǹkan bíi 150KB, mo sì ṣe é kí fọ́tò má jáde àfi bí ènìyàn bá ti fi ìka yí i dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ojú ewé àkọ́kọ́ ti ń ṣí kí n tó mí lẹ́ẹ̀mejì.

Ṣùgbọ́n ibi tí Màmá ti wá nǹkan kò yí padà. Mo wá ní kí dátábéèsì, ibi tí gbogbo ọ̀rọ̀ ìkànnì wà, máa kọ iṣẹ́ yòówù tó bá ju ìṣẹ́jú àáyá 2 lọ sílẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo ka ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀: ìwáǹkan, ìwáǹkan, ìwáǹkan. Ibi tí o kọ LIKE sí, àṣẹ tó ń ní kí dátábéèsì wá ọ̀rọ̀, tí àmì % (ìyẹn, ohunkóhun lè wà níbẹ̀) wà níwájú ọ̀rọ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀, ló fà á. Mi ò bá ọ wí o. Nígbà tí o kọ ọ́, ojú ewé 30 la ní. Báyìí, orúkọ, oríkì, ìkéde òkú àti àwòrán ti lé ní 11,000, gbogbo rẹ̀ ni ẹ̀rọ náà sì ń kà látòkè délẹ̀ nígbàkígbà tí ẹnì kan bá tẹ ọ̀rọ̀ kan. Ó dà bí ẹni tó ń wá ìyá aláta kan ní ọjà Bódìjà, tí kò bèèrè ibi tí ìsọ̀ ata wà, tó ń ti ẹnu géètì bẹ gbogbo ìsọ̀ wò. Àwọn ẹ̀rọ tó ń kó ọ̀rọ̀ kiri orí íńtánẹ́ẹ̀tì sì tún wà níbẹ̀, tí wọ́n ń tẹ ibi ìwáǹkan wa ní gbogbo òru. Lóru ọjọ́ kan péré, ó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án ìgbà. Mo kọ ọ́ sínú robots.txt, fáìlì tó ń sọ fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ibi tí kò yẹ kí wọ́n dé, pé kí wọ́n má wọ ibẹ̀. Àwọn kan gbọ́, àwọn kan ò gbọ́, mo wá fi gbèdéke sí iye ìgbà tí ẹnì kan lè wá nǹkan láàárín ìṣẹ́jú kan.

Lẹ́yìn náà ni mo ṣe ìtọ́ka fún gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀, bí àkójọ ọ̀rọ̀ tó máa ń wà lẹ́yìn ìwé, kí ẹ̀rọ lè lọ tààrà. Ó yá wéré. Inú mi dùn, mo tẹ "ọba" láti dán an wò. Kò sí. Mo tẹ "ilé". Kò sí. Mo tẹ "Ifá", mo tẹ "ọmọ", kò sí, kò sí. Títí, lórí ìkànnì tó kún fún oríkì, wọ́n ní kò sí "ọmọ"! Mo wá a títí mo fi rí i: oríṣi tábílì àtijọ́ tí a ń lò kì í fi ọ̀rọ̀ tí kò bá tó lẹ́tà 4 sínú ìtọ́ka. Òfin Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn, torí ọ̀rọ̀ kéékèèké wọn kì í sábà gbé nǹkan kan. Tiwa ńkọ́? Omi, ewé, ilà, ikú, ayé, Ọya: lẹ́tà 3, lẹ́tà 3. Ibi tí ọ̀rọ̀ wa wúwo sí gan-an ni wọ́n ń gbọ̀n dànù. Mo yí ft_min_word_len, ètò tó ń sọ iye lẹ́tà tó kéré jù tí ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ ní, sí 2, kò sì yí nǹkan kan padà, àfi ìgbà tí mo rántí lọ́jọ́ kejì pé a ní láti tún ìtọ́ka náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àwọn bọ̀dá kan nínú ìgbìmọ̀ ti ń sọ nígbà náà pé ká pa ìkànnì náà tì, ká kó gbogbo rẹ̀ lọ sórí WhatsApp. Mo dúró láàárín ìpàdé, mo ní mi ò gbà. Kí ni ènìyàn ń rí lórí WhatsApp lẹ́yìn ọdún mẹ́rin? Bí fóònù kan bá bọ́ sómi, ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ nìyẹn. Ìyá Àdùkẹ́ ò sí mọ́, Bàbá Onílù ò sí mọ́, ohun tí wọ́n sọ fún wa wà níbẹ̀, ibẹ̀ nìkan ló sì wà.

Ìwọ náà mọ̀ pé àwọn ará ilé kì í tẹ àmì ohùn lórí fóònù. "oriki" ni wọ́n ń tẹ̀, "ologun" ni wọ́n ń tẹ̀. Mo wá ṣe ẹ̀dà gbogbo ọ̀rọ̀, ọ̀kan tí a fi ń han ènìyàn pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, èkejì tí mo bọ́ gbogbo àmì lára rẹ̀ tí ẹ̀rọ á máa fi wá nǹkan. Bí ènìyàn bá tẹ "oko", oko, ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ á jáde pọ̀. Ẹni tó bá fara balẹ̀ fi àmì sí i, tirẹ̀ ló máa kọ́kọ́ jáde. Mo dán an wò, ó ń ṣiṣẹ́. Mo wá tẹ orúkọ Bàbá.

Kò sí.

Ìgbà yẹn ni mo kíyè sí i pé gbogbo ojú ewé tí èmi tẹ̀ ló ń jáde, ṣùgbọ́n nínú èyí tí ìwọ tẹ̀, kò sí ẹyọ kan tó jáde. Mo gbé ọ̀kan nínú tìrẹ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kan nínú tèmi, mo fẹ lẹ́tà "ọ" kan títí ó fi gba ìdajì ojú kọ̀ǹpútà. Abẹ́ tèmi, àmì róbótó. Abẹ́ tìrẹ, ìlà kékeré kan tó nàró bí ẹyọ ìrẹsì. Kíbọ́ọ̀dù tí o ṣe fúnra rẹ nígbà tá a wà ní Ifẹ̀! Ọdún mẹ́wàá ni mo ti ń ka iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, mi ò rí ìyàtọ̀ náà rí. Tèmi jẹ́ lẹ́tà ẹyọ kan, tí nọ́ńbà tí ẹ̀rọ fi ń dá a mọ̀ jẹ́ U+1ECD. Tìrẹ jẹ́ "o" tí a fi U+0329 sí lábẹ́. Ènìyàn ń rí ohun kan náà, ẹ̀rọ ń rí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àkójọ àmì tí mo ní kó bọ́ kúrò kò sì ní ìlà yẹn nínú. Mo fi kún un. Lójú ẹsẹ̀, ojú ewé 212 tí o tẹ̀ jí dìde. Mo sunkún díẹ̀, mi ò ní purọ́ fún ọ. Mo rí orúkọ gbogbo àwọn tá a jọ jókòó tì nígbà yẹn.

Kí n má gbàgbé: Rẹ̀mí bí obìnrin, àlàáfíà ni ìyá àti ọmọ wà, Bọ̀dá Láyí ti kan òrùlé, wọ́n ti gé igi ìrókò ẹ̀yìn ilé ìwé wa, kí o má bàa dé kó bá ọ lójijì, ẹ̀fọ́rí mi ti lọ.

Títí, ó ku ohun kan. Nínú ojú ewé rẹ, mẹ́sàn-án wà tó ṣì kú. Àwọn tí o tẹ̀ nínú oṣù Kìíní ọdún 2016 ni, ọ̀sẹ̀ tá a kó ìkànnì kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Tábílì tí wọ́n kó wọn sí kò mọ àwọn àmì wa, gbogbo èyí tí kò mọ̀ ló sọ di àmì ìbéèrè, bẹ́ẹ̀ náà ló sì wà nínú gbogbo ẹ̀dà tá a fi pamọ́. Oríkì Bàbá wà lára wọn. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ni mo ti tún tò, torí "o?mo?" kò lè jẹ́ nǹkan mìíràn ju "ọmọ" lọ. Ṣùgbọ́n ibi tí ohùn bá wà lórí ọ tàbí ẹ, òkè ni o, ìsàlẹ̀ ni o, àmì ìbéèrè méjì kan náà ló di. Ìlà kẹta sọ báyìí pé: "o?mo? o?lo??ko??".

Ṣé ọlọ́kọ́ ni, àbí ọlọ́kọ̀? Màmá ní ọkọ́ ni, àgbẹ̀ paraku ni wọ́n láti ilẹ̀ wá. Bàbá Àlàbá ní rárá, ọkọ̀ ni, pé àwọn baba ńlá wọn ló ń fi ọkọ̀ kó èrò sọdá odò Ògùn. Àwọn méjèèjì ti sọ̀rọ̀ síra wọn lórí rẹ̀, Màmá ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúró níwájú èrò lọ́jọ́ ìrántí kó ki ọkọ àwọn sí ìdílé onídìílé. Èmi ò lè yan ọ̀kan fún wọn.

Ohùn Ìyá Àdùkẹ́ tó ki oríkì náà nìkan ló lè yanjú rẹ̀, ọwọ́ rẹ ló sì wà. Mo mọ̀ pé ọjọ́ ìsìnkú lo gbà á sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹkún tìrẹ náà wà nínú rẹ̀, àti pé láti ìgbà tí o ti tẹ̀ ẹ́ tán, o ò tíì gbọ́ ọ mọ́. Mi ò ní kí o gbọ́ ọ. Fi ránṣẹ́ sí mi bó ṣe wà, má ṣí i. Èmi á jókòó tì í, mi ò ní pe ẹnikẹ́ni sí i, mo máa gbọ́ ọ dé ìlà kẹta, màá sì kọ ohun tí Ìyá sọ. Bí o bá fẹ́ kí n gbọ́ ìyókù, sọ fún mi. Bí o ò bá fẹ́, màá dá a dúró níbẹ̀.

Ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá ni ìrántí náà. Màmá ní kí n má sọ fún ọ pé àwọn ń retí rẹ, torí owó ọkọ̀ òfuurufú.

Èmi ni tìrẹ,
Fọlákẹ́