Ẹ má yá kẹ̀kẹ́ háyà láàárín ìgboro Amsterdam lọ́jọ́ tí ẹ bá dé

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka lẹ́tà tí arákùnrin kan kọ láti ìlú Oǹdó, èyí tí ẹ tẹ̀ jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ń gba ọmọ Yorùbá tó bá rin ìrìn-àjò dé Amsterdam, ní orílẹ̀-èdè Netherlands, nímọ̀ràn pé gbàrà tó bá ti sọ ẹrù kalẹ̀, kó lọ yá kẹ̀kẹ́ háyà. Ó ní owó ọkọ̀ á kù sí i lápò, àti pé ẹni tó bá ti gun kẹ̀kẹ́ lójú ọ̀nà oko rí, kò sí ibi tí kò lè gùn ún dé. Mo ka ibẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mejì, mo wá wo ọrùn ọwọ́ òsì mi. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an, bó ṣe kọ ọ́ yẹn, ni mo sọ fún ọmọ mi lọ́dún tó kọjá. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo ti wà ní ọsibítù.

Kẹ̀kẹ́ ológeere ni mò ń sọ o, kì í ṣe Márúwá.

Ọmọ bíbí Oǹdó ni èmi náà, Àkúrẹ́ ni mo fi ṣe ilé. Bàbá mi dá oko kòkó, Raleigh dúdú kan ni wọ́n ń gùn lọ sóko. Kí n tó ga tó ìjókòó rẹ̀ ni mo ti mọ̀ ọ́n gùn. Mo máa ń ti ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ abẹ́ ọ̀pá àárín, n ó fi ara dẹ̀gbẹ́, n ó máa wà á lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà, ẹ mọ ohun tí mò ń wí. Nígbà tí mo di nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí, tí wọ́n gbé mi lọ sí ilé ìgbẹ̀bí kékeré kan ní apá Ìdànrè, kẹ̀kẹ́ ni mo fi ń lọ bá àwọn aboyún ní abà. Mo ti gùn ún lóru, nínú òjò, tí mo fi eyín di tọ́ọ̀ṣì mú. Nítorí náà, kì í ṣe pé n kò mọ kẹ̀kẹ́ gùn ló ṣe mí.

Oṣù kẹrin ọdún tó kọjá ni mo lọ bá ọmọ mi wẹ ọmọ. Zuidoost ni òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé, ní apá ibi tí àwọn ọmọ Nàìjíríà àti ọmọ Gánà pọ̀ sí nínú Amsterdam. Bí mo ṣe ń rí kẹ̀kẹ́ lọ́tùn-ún lósì ni inú mi ń dùn, ó ń rán mi létí ìgbà èwe mi. Mo ní mo fẹ́ yá ọ̀kan, kí n fi wo ìlú kí ọwọ́ mi tó dí. Ọmọ mi ní, “Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gùn ún láàárín ìgboro. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ sí etí Gaasperplas, adágún omi ńlá kan ni, kò jìnnà sílé, ọ̀nà ibẹ̀ dákẹ́.” Mo ní kó tó bí i ni mo ti ń gun kẹ̀kẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, èmi àti ọkọ ọmọ mi wọ métírò lọ sí Centraal, ibùdókọ̀ ojú irin wọn tó tóbi jù. Òun gbé kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ dání. Mo yá tèmi ní ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí ibẹ̀, mo san yúrò 12 fún ọjọ́ kan. Ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ bá mi rẹ ìjókòó sílẹ̀, ó fi agogo hàn mí, ó fi àgàdágodo méjèèjì hàn mí, ó yá. Ohun tí kò sọ fún mi ni pé ẹsẹ̀ ni ìjánu ẹ̀yìn wà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa, nítorí ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ háyà ibẹ̀ ló rí bẹ́ẹ̀. Lórí kẹ̀kẹ́ tí a mọ̀, ẹ lè yí pẹ́dà sẹ́yìn bó ṣe wù yín, ṣéènì á kàn máa dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, kẹ̀kẹ́ á máa yọ̀ lọ. Tiwọn kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ti yí pẹ́dà sẹ́yìn báyìí, ẹ ti tẹ ìjánu nìyẹn, táyà ẹ̀yìn á dúró.

A ń lọ lójú pópó Raadhuisstraat. Ọkọ ọmọ mi wà níwájú, mò ń wo ilé gogoro Westerkerk lókèèrè, ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti kọ́ parí láti 1631. Àwọn èrò àlejò pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ni agogo kẹ̀kẹ́ bá ń dún lẹ́yìn mi, gbín-gbín, gbín-gbín. Ẹni tó ń kánjú lọ síbi iṣẹ́ ni, ó fẹ́ kọjá. Àlejò kan sì sọ̀kalẹ̀ sójú ọ̀nà níwájú mi, fóònù ló ń wò. Mo yí pẹ́dà sẹ́yìn kí ẹsẹ̀ mi lè dọ́gba, bí mo ṣe máa ń ṣe láti kékeré. Kẹ̀kẹ́ dúró gbàgà. Mo yà bàrá sósì, táyà iwájú sì kó sínú ihò irin tíráàmù, ọkọ̀ ojú irin tó ń rìn láàárín ìlú. Ihò yẹn kò fẹ̀ ju àtàǹpàkò méjì lọ, àmọ́ bí ẹni fi ẹnu gbá táyà mú ló rí. Mo na ọwọ́ òsì síwájú kí n má baà forí lélẹ̀. Mo gbọ́ ọ nígbà tó kán. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo mọ ìró yẹn.

Tíráàmù ń bọ̀. Awakọ̀ rẹ̀ lu agogo, ó sì dúró. Obìnrin kan tó ń gun irú kẹ̀kẹ́ tí wọ́n kan àpótí pákó mọ́ níwájú, ọmọ méjì sì jókòó sínú rẹ̀, sọ̀ kalẹ̀, ó dì mí lábíyá mú, ó fà mí kúrò lójú irin. Kò bú mi. Ọlọ́run á bá mi ṣọ́ àwọn ọmọ rẹ̀.

Ní ọsibítù, wọ́n fi P.O.P., ohun funfun líle tí wọ́n fi ń di egungun tó kán, di ọwọ́ náà, wọ́n ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹ̀yin ìyá, ẹ bá mi rò ó. Mo wọ ọkọ̀ òfuurufú kọjá òkun láti lọ wẹ ọmọ. Mo di ọṣẹ dúdú, mo di àdí, mo di kànìnkànìn tuntun tí mo rà lọ́jà Ọba. Ọwọ́ tí mo fi gba ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́ ìyá wọn ní abà kò lè gbé ọmọ ọmọ mi sínú omi. Àpá iṣẹ́ abẹ ni ọmọ mi ṣì ń tọ́jú, òun ló tún ń wẹ ọmọ, òun ló ń bá mi de okùn bùbá. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo gbọ́ tó ń sunkún nínú ilé ìdáná, ó rò pé mo ti sùn. Ohun tí yúrò 12 rà fún wa nìyẹn.

Mo ṣáà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láti jókòó wo nǹkan. Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, mo máa ń lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan lẹ́bàá ìkóríta, n ó máa wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń gùn ún. Ibẹ̀ ni mo ti wá mọ̀ pé kẹ̀kẹ́ kọ́ ni wọ́n fi sàn jù wá, ojú ọ̀nà ni wọ́n mọ̀ kà. Ọ̀nà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún kẹ̀kẹ́, pupa ni bí ilẹ̀ wa. Wọ́n kun onígun mẹ́ta funfun kéékèèké sójú ọ̀nà, tò lọ bí eyín. Eyín ẹja ṣáàkì ni wọ́n ń pè é. Ẹni tí ṣóńṣó rẹ̀ bá kọjú sí ló gbọ́dọ̀ dúró kí ẹlòmíràn kọjá. Níbi tí kò bá sí àmì kankan, ẹni tó yọ láti ọwọ́ ọ̀tún ló ni ọ̀nà. Bí ẹnìkan bá fẹ́ yà, á na ọwọ́. Kò sẹ́ni tó ń sọ èyíkéyìí nínú rẹ̀ jáde, wọ́n kàn ń ṣe é ni, ọmọdé àtàgbà, pẹ̀lú eré. Bí ẹnìkan bá dúró lójijì láti ya fọ́tò, gbogbo wọn á kọ lu ara wọn.

Ọkọ ọmọ mi sọ fún mi pé kẹ̀kẹ́ tó wà ní orílẹ̀-èdè Netherlands tó mílíọ̀nù 23, bẹ́ẹ̀ àwọn ènìyàn wọn kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 18 lọ. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wọn ń ṣe ìdánwò lórí òfin ojú pópó, lórí kẹ̀kẹ́. Ó tún sọ ohun kan tó wọ̀ mí lára. Ní 1971, ó lé ní 3,000 ènìyàn tó kú lójú pópó lọ́hùn-ún, ó sì lé ní 400 ọmọdé nínú wọn. Àwọn òbí ló bọ́ sígboro, wọ́n ní kí ìjọba dẹ́kun pípa àwọn ọmọ. Orúkọ tí wọ́n fi pe ẹgbẹ́ wọn nìyẹn, Stop de Kindermoord. Wàhálà àìtó epo ọdún 1973 tún dé lé e lórí. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń la àwọn ọ̀nà pupa yẹn. Ọ̀nà tí ìyá fi ẹkún ọmọ là ni, kì í ṣe ibi ìgbafẹ́ àlejò.

Arákùnrin mi ará Oǹdó, ẹ wá wo Ọjà Ọba wa níbí ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ọ̀kadà, Márúwá, alábàárù, ìyá tó gbé ata karí, gbogbo wọn ń gba inú ara wọn kọjá. Àwa tí a ń gbé Àkúrẹ́ mọ ẹni tó máa yà àti ẹni tó máa dúró, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ ọ́ sára ògiri fún wa. Bí àlejò láti Amsterdam bá wọ̀lú lálẹ́ àná, tó ní òun mọ alùpùpù gùn nílé, kí ẹ fún òun ní ọ̀kadà kí òun gbà á láàárín Ọjà Ọba kọjá lọ sí Arákàlẹ̀, ṣé ẹ ó fún un? Ẹ ó dì í mú ni. Ẹ ó ní kó sinmi, kó kọ́kọ́ fẹsẹ̀ rìn.

Ní ti owó tí ẹ ní á kù lápò, tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kan tó gba ènìyàn wọ tíráàmù, bọ́ọ̀sì àti métírò kò tó owó tí mo san lórí kẹ̀kẹ́ yẹn. Ìnṣọ́ránsì ìrìn-àjò tí wọ́n fi dandan lé kí wọ́n tó fún mi ní físà ló san owó ọsibítù. Ẹni tí tirẹ̀ bá kọ̀ láti san ńkọ́?

N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má gun kẹ̀kẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n bọ́ P.O.P., tí ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí n padà wálé, ọmọ mi yá mi ní kẹ̀kẹ́ aládùúgbò kan tí ìjánu rẹ̀ méjèèjì wà lọ́wọ́, a sì lọ sí etí Gaasperplas yẹn. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ń yí i po. Lẹ́yìn náà, ọkọ ọmọ mi mú mi wọ ọkọ̀ ojú omi tó ń gbéra lẹ́yìn Centraal, ọ̀fẹ́ ni, ó ń gbé kẹ̀kẹ́ àti ènìyàn sọdá omi sí Noord, apá àríwá ìlú náà. A gun kẹ̀kẹ́ lórí òkìtì ìdènà omi dé abúlé Durgerdam. Omi wà lọ́wọ́ kan, pápá àti màlúù wà lọ́wọ́ kejì, atẹ́gùn ń fẹ́. Èyí tí mo ń wá láti ọjọ́ kìn-ín-ní nìyẹn, kò sì sí nínú ìgboro.

Nítorí náà, ẹni tó bá máa yá a, kó béèrè ìjánu ọwọ́. Kó lo ọjọ́ bíi mélòó kan níbi tó dákẹ́. Bí irin tíráàmù bá wà níwájú, kó dá a kọjá ní ìdábùú, kó má bá a rìn ní òòró. Kó tan iná níwájú àti lẹ́yìn bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, kó má fọwọ́ kan fóònù. Láti oṣù keje 2019 ni òfin ti kà á léèwọ̀ lórí kẹ̀kẹ́, owó ìtanràn sì ni. Kó fi ẹ̀wọ̀n so ó mọ́ irin tó dúró, torí olè pọ̀.

Ọmọ àbúrò mi kan ń lọ síbẹ̀ ní oṣù keje. Ó ti rí ṣọ́ọ̀bù tó fẹ́ yá kẹ̀kẹ́ lórí fóònù, nítòsí Centraal náà ni. Mo bẹ̀ ẹ́, mo fi ọwọ́ mi hàn án. Ó ní ìwé ìròyìn ló sọ pé kò séwu. Lẹ́tà arákùnrin yẹn ló gé, tó fi pamọ́ sínú Bíbélì rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi tẹ èyí náà jáde kí oṣù kẹfà tó parí, kó lè gé e mọ́ ọn.

Èmi ni tiyín,
Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì,
Òkè-Àró, Àkúrẹ́.