Kì í ṣe àwọn obìnrin ló pa ìkànnì Style

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde lórí àwọn ìkànnì tẹlifíṣọ̀n tó ti kógbá sílé ní Amẹ́ríkà, mo sì dúpẹ́ pé ẹ rántí Style, ìkànnì tí wọ́n dìídì ṣe fún àwọn obìnrin. Àmọ́ òǹkọ̀wé yín ní àwọn obìnrin fúnra wọn ló kẹ̀yìn sí i tó fi kásẹ̀ nílẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún 1998 ni àwọn tó ni ìkànnì E! dá Style sílẹ̀. Aṣọ, oge ṣíṣe àti títún ilé ṣe ni wọ́n fi ń dá àwọn òǹwòran lọ́lá, ẹni tó bá sì ń wò ó láti òkèèrè lè pè é ní fàájì lásán. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ jókòó ti ètò Clean House ná. Niecy Nash ló ṣe atọ́kùn rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tòun ti òdòdó ńlá tó máa ń fi sí irun. Ilé tí ẹrù ti kún débi pé ẹsẹ̀ kò rí ilẹ̀ tẹ̀ ni yóò wọ̀. Wọn yóò kó ẹrù síta, wọn yóò tà á fún ará àdúgbò, owó tí wọ́n bá sì pa níbẹ̀ yóò kún èyí tí wọn yóò fi tún ilé náà ṣe. Ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ gbé ohun kan tí onílé ti fọwọ́ méjèèjì dì mú ni ọ̀rọ̀ gan-an máa ń jáde, tí omi á máa bọ́ lójú rẹ̀, tí á sì hàn pé ẹrù kọ́ ni ìṣòro rẹ̀. Ètò Tia & Tamera náà wà níbẹ̀, tó ń fi àwọn ìbejì méjì hàn bí wọ́n ṣe ń bá iṣẹ́, ọkọ àti ọmọ yí (ta ni nínú àwa ọmọ Yorùbá tí kò ní fẹ́ràn ìbejì?).

Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Lọ́dún 2011, Comcast, ilé-iṣẹ́ tó ni E! àti Style, gba àkóso NBCUniversal, ilé-iṣẹ́ tó ni ọ̀pọ̀ ìkànnì tẹlifíṣọ̀n, Style sì bá ara rẹ̀ lábẹ́ òrùlé kan náà pẹ̀lú Bravo àti Oxygen, tí àwọn náà ń fojú sun àwọn obìnrin. Ilé-iṣẹ́ yìí kan náà ti ń múra láti dá ìkànnì Esquire sílẹ̀ fún àwọn ọkùnrin, ààyè G4, ìkànnì eré orí kọ̀ǹpútà, ni wọ́n sì kọ́kọ́ fẹ́ fún un. Lọ́jọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2013, wọ́n kéde pé ààyè Style ni Esquire yóò gbà. Nígbà tó di ọjọ́ 23 oṣù náà, Style ti lọ. Ọjọ́ 14 péré! Ilé tí Style ń dé pọ̀ ju ti G4 lọ, wọ́n sì ka àwọn ìkànnì obìnrin yòókù sí èyí tó tó. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n lé ayálégbé síta nítorí pé yàrá rẹ̀ fẹ̀ ju ti aládùúgbò rẹ̀ lọ.

Ohun tó dùn mí jù nìyí, pé wọ́n ka gbogbo obìnrin sí ẹnì kan ṣoṣo. Ẹni tó ń wo ìjà àwọn ìyàwó olówó lórí Bravo kọ́ ni ẹni tó fẹ́ mọ bí òun yóò ṣe tún yàrá òun tò. Oxygen pàápàá di ìkànnì ìtàn ìwà ọ̀daràn lọ́dún 2017. Ní ti Esquire, oṣù Kẹfà ọdún 2017 kan náà ni òun náà kúrò lórí tẹlifíṣọ̀n, kò tíì pé ọdún mẹ́rin.

Mo bẹ̀ yín, ẹ bá wa tún gbólóhùn yẹn ṣe nínú àtẹ̀jáde yín tó ń bọ̀.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín